Ọ̀kẹ́rẹ́ Ní Kọ̀ǹpútà Kò Gbọdọ̀ Sùn

Àlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn ìkòkò omi, mi ò gbọ́ ohùn yín. Àlọ́ o!

Ààlọ̀ o!

Àlọ́ mi fò pìrì, kò bà lé igi, kò bà lé òrùlé. Ó bà lé Ọ̀kẹ́rẹ́ onírù gbọ̀ngbọ̀n, ó sì ta bá Àgbébọ̀, ìyá àwọn òròmọdìyẹ.

Ní ìgbà kan rí, gbogbo ẹranko ń gbé inú agbo ilé kan. Wọ́n ní bátìrì ńlá kan lábẹ́ igi àràbà. Oòrùn ní ń rọ iná sínú rẹ̀, ilé kọ̀ọ̀kan á sì fa wáyà tirẹ̀ láti ibẹ̀. Ilé kọ̀ọ̀kan ló ní kọ̀ǹpútà tí àwọn ọmọ fi ń kàwé. Ní ilé Àgbébọ̀, gílóòbù kan tún wà lókè ìtẹ́. Ooru rẹ̀ ni àwọn òròmọ ń yá. Ẹ fi gílóòbù yẹn sọ́kàn o.

Òjò wá dé. Oòrùn á yọjú díẹ̀, á tún sá wọlé. Àsìkò yẹn gan-an ni Ọ̀kẹ́rẹ́ kó ẹ̀kùrọ́ jọ bí òkè. Kò ríbi sá a. Ẹ̀kùrọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í bu. Ló bá pe agbo ilé jọ.

"Ẹ̀yin ará ilé mi, ṣé ẹ mọ̀ pé mo ti gbé lórí òrùlé ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe rí?"

"A gbọ́," ni Bàbá Àgbò, olórí ilé, wí.

"Ó dáa. Kọ̀ǹpútà tó bá sùn kò ní jí mọ́. Ẹ jẹ́ kí ojú rẹ̀ máa tàn tọ̀sán tòru. Ẹ̀kùrọ́ sì ni oúnjẹ rẹ̀. Èmi fúnra mi ni n ó máa gbé e lé e lórí. Ọ̀fẹ́ ni!"

"Ọ̀fẹ́ kẹ̀?" Pẹ́pẹ́yẹ pàtẹ́wọ́. "Ọ̀kẹ́rẹ́, o ò ní ṣàárẹ̀!"

Wọ́n lọ sóko, kọ̀ǹpútà ń tàn. Wọ́n sùn, ó ń tàn. Kò sẹ́ni tó ń lò ó, ara rẹ̀ gbóná bí ààrò. Láàárọ̀ àti lálẹ́, Ọ̀kẹ́rẹ́ á kó ẹ̀kùrọ́ gbígbẹ lọ, á gbé tútù wá.

Bátìrì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, gílóòbù Àgbébọ̀ wá pọ́n bí ẹyin iná tó fẹ́ kú. Kò lóoru mọ́. Tíntín, àbíkẹ́yìn rẹ̀, ń gbọ̀n. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tutù bí irin. Àgbébọ̀ kó gbogbo wọn sábẹ́ ìyẹ́, wọ́n pọ̀ ju ìyẹ́ lọ. Bó bá bo èyí, tọ̀hún á yọ síta.

Ó gbójú sókè. Kọ̀ǹpútà rèé, ó ń tànmọ́lẹ̀ sára ògiri lásán. Ọ̀kẹ́rẹ́ náà rèé, ó ń kó ẹ̀kùrọ́ rẹ̀.

"Ọ̀kẹ́rẹ́, dúró ná. Oúnjẹ wo ni wọ́n ń gbé wá ní tútù, tí wọ́n ń kó lọ ní gbígbẹ, tí olóúnjẹ kò bù jẹ rárá?"

"Ìyá Òròmọ, ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ni. Kò lè yé ẹni tó ń fẹsẹ̀ ha ilẹ̀ jẹun."

"Ẹsẹ̀ tí mo fi ń ha ilẹ̀ náà ni n ó fi mú un sùn."

"Háà! Bọ́tìnnì olóṣùpá tó ń mú un sùn yẹn, bí o bá tẹ̀ ẹ́ pẹ́nrẹ́n, ó kú nìyẹn! Àwọn ọmọ rẹ kò ní ríwèé kà mọ́ láéláé!"

Àgbébọ̀ fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn. Bó bá kú lóòótọ́ ńkọ́? Ó wo ìwé tí àwọn ọmọ ń kà lójú ẹ̀rọ. Ó wo Tíntín. Ló bá rántí ìyá tó bí i. Bí wọ́n bá se oúnjẹ alẹ́ tán, ìyá rẹ̀ kì í pa iná ààrò, kì í sì í jẹ́ kó jó lásán. Eérú ló fi ń bo ẹyin iná. Bílẹ̀ bá mọ́, á fẹ́ ẹ fúù, iná á dìde.

"Ọ̀kẹ́rẹ́, yà fún mi!"

Tẹ́! Ó tẹ olóṣùpá. Ojú kọ̀ǹpútà ṣú. Àgbébọ̀ kọrin. Ẹ bá mi gbè é:

Kọ̀ǹpútà mi, sùn o,
*Sùn, sùn, má kú.*
Eérú la fi ń bo iná,
*Sùn, sùn, má kú.*
Ọ̀kẹ́rẹ́ ló ní o ò ní jí,
*Sùn, sùn, má kú.*
Bílẹ̀ bá mọ́ n ó jí ọ,
*Sùn, sùn, má kú.*

Ọ̀kẹ́rẹ́ figbe ta. "Ẹ gbà mí o! Àgbébọ̀ ti pa kọ̀ǹpútà!"

Agbo ilé rọ́ dé. "Ìyàwó wa, kí lo ṣe yìí?" ni Bàbá Àgbò bi í.

Àgbébọ̀ kọjú sí i. "Bàbá, bílẹ̀ bá mọ́ tí kò jí, ẹ lé mi jáde tọmọtọmọ. Ṣùgbọ́n tó bá jí, kí oníkálukú lọ mú tiẹ̀ sùn."

Ilẹ̀ mọ́. Gbogbo ojú ń wo ẹnu Àgbébọ̀. Ó fi kan kọ̀ǹpútà, kó! Ojú rẹ̀ là, ìwé àwọn ọmọ wà níbi tí wọ́n kà á dé.

"Yéè!" ni Pẹ́pẹ́yẹ pariwo. "Ta ló ń jẹ ẹ̀kùrọ́ nígbà náà?"

Ó wá yé wọn pé ooru ẹ̀rọ ni Ọ̀kẹ́rẹ́ fi ń gbẹ ẹ̀kùrọ́ rẹ̀. Oníkálukú sáré lọ sílé, wọ́n da ẹ̀kùrọ́ síta. Láti ọjọ́ náà, ẹni tó bá fẹ́ dìde díẹ̀ á mú ẹ̀rọ sùn. Ẹni tó bá lò ó tán á pa á pátápátá, á yọ wáyà rẹ̀ lára ògiri. Wọ́n tilẹ̀ dín ìmọ́lẹ̀ ojú rẹ̀ kù. Bátìrì gba ara rẹ̀. Gílóòbù tún tàn, Tíntín dìde, ó ń tọ káàkiri.

Ọ̀kẹ́rẹ́ ńkọ́? Ó bínú. "Tèmi ò ní sùn!" Ó kó gbogbo ẹ̀kùrọ́ lé kọ̀ǹpútà tirẹ̀, ó dí gbogbo ihò tí ooru ń gbà jáde. Kò pẹ́, àdín ń yọ lára ẹ̀kùrọ́, ó ń kán sínú ẹ̀rọ. Èéfín rú, iná sọ lálá! Ọ̀kẹ́rẹ́ fi ìrù gbá a, iná mú ìrù. Ó sá gun àràbà. Ẹ̀kùrọ́ di èédú, kọ̀ǹpútà di eérú.

Títí dòní, orí igi ló wà, ó ń ju ìrù, ó ń bú gbogbo ayé. Àgbébọ̀ ní tirẹ̀, kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti wọlé, ó ti pa gbogbo nǹkan tí kò lò.

Ìdí àlọ́ mi rèé: oorun kì í ṣe ikú, ohun tí a kò bá lò, ká jẹ́ kó sùn. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ní kí ẹ jẹ́ kí iná yín máa jó lásán, ẹ wo ohun tó ń sá gbẹ níbẹ̀.

Bí mo bá purọ́, kí Ọ̀kẹ́rẹ́ sọ̀kalẹ̀ wá gé mi jẹ. Ẹ wòkè. Ṣé ó sọ̀kalẹ̀? Ó yá, kọ̀ǹpútà ta ló ń tàn nínú yàrá yẹn? Dìde, lọ tẹ olóṣùpá.