Àlàfo Abẹ́ Àwo Irin

Ọkùnrin kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ fífa omi sínú ilé. Bàbá rẹ̀ ti kú, ìyá rẹ̀ sì ń dá gbé inú ilé alámọ̀ tí bàbá náà kọ́ tí ó sì fi sìmẹ́ńtì rẹ́. Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ni ìyá náà ní: kí a jẹ́ kí òun kú sí ilé ọkọ òun.

Nígbà tí orúnkún rẹ̀ kò gbé e dé balùwẹ̀ ẹ̀yìnkùlé mọ́, ọmọ rẹ̀ ṣe òmíràn fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá tí ó ń sùn. Ó fi táìlì bo ògiri. Ó ri ẹ̀rọ tí ń ṣí omi ṣáwà mọ́ inú ògiri náà, tí ó fi jẹ́ pé ọwọ́ tí a fi ń yí i nìkan ni ó yọ síta láàárín àwo irin roboto kan. Ó fi gọ́ọ̀mù funfun lẹ etí àwo náà mọ́ táìlì kí omi má baà wọlé, ṣùgbọ́n ó fi àlàfo kékeré sílẹ̀ nísàlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ó ti máa ń ṣe é fún gbogbo oníbàárà. Bí ẹ̀rọ náà bá ń jò nínú ògiri lọ́jọ́ kan, ibẹ̀ ni omi yóò gbà jáde, tí ojú yóò fi rí i.

Àwọn ọ̀rẹ́ ìyá náà wá wo balùwẹ̀. Wọ́n yìn ín, wọ́n sì ṣàdúrà. Ọ̀kan nínú wọn, tí ẹnu rẹ̀ mú, bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka kan àlàfo náà.

Ó ní, “Ẹ wá wo ọmọ wa. Ìgbà tó kan ìyá tó bí i, gọ́ọ̀mù tán.”

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ìyá náà bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ rí ojú rẹ̀. Kí wọ́n tó jẹun tán, ó ti dí àlàfo náà. Ó mọ ohun tí ó ń dí.

Ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Ní ìhà balùwẹ̀, táìlì ń dán. Ọmọ náà a máa wá wò ó, a bá a ní gbígbẹ, ọkàn rẹ̀ a sì balẹ̀. Ìhà kejì ni omi ń gbà, ìhà tí ibùsùn ìyá rẹ̀ wà. Ìyá náà rí i. Ó ta aṣọ bo ògiri, ó sì ń sùn ti òtútù. Bí ọmọ bá béèrè àlàáfíà rẹ̀, a ní dáadáa ni òun wà.

Ikọ́ ni ó tú àṣírí. Ọmọ náà fẹ́ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Bí ó ti na ọwọ́ kọjá ẹ̀yìn rẹ̀ láti gbé e dìde, ọwọ́ rẹ̀ rì sínú ògiri bí ọwọ́ ẹni tí ń po amọ̀. Ó béèrè ìdí tí kò fi sọ̀rọ̀.

Ìyá náà ní, “Àjàgbé, wọn á ní iṣẹ́ ọwọ́ rẹ ti bàjẹ́.”

Ó lọ fi abẹ gé gọ́ọ̀mù náà. Omi tú jáde, ó pupa bí amọ̀ tí bàbá rẹ̀ fi kọ́lé. Ògiri náà wó kí òjò ọdún náà tó dá. Ìgboro ni ìyá rẹ̀ kú sí, nínú yàrá tí a háyà, ó sì ń béèrè ilé títí ẹ̀mí fi bọ́.

Arákùnrin mi, láti ìgbà tí a ti sin ọmọ rẹ ni mo ti ń gbọ́ bí o ti ń dá àwọn tí ń kí ọ lóhùn. “A dúpẹ́,” ni o ń wí, kò sì sí ibi tí omi lè gbà yọ lára ohùn rẹ. Àwọn ènìyàn ń yìn ọ́ pé ọkùnrin ni ọ́. Èmi kò lè ṣèlérí pé bí o bá sunkún, ara yóò tù ọ́. N kò mọ̀. Ó ṣeé ṣe kí ògiri ti rọ̀ kọjá àtúnṣe. Ohun tí mo mọ̀ kò ju èyí lọ: ìyàwó rẹ ni ó ń sùn ní ìhà kejì, òun náà sì ti ta aṣọ bò ó.