Aṣojú Oyèdìran

Ọkùnrin kan wà ní Ìrágbìjí tí ó ń jẹ́ Oyèdìran. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, ọmọ kan ṣoṣo tí ó bí sì ti lọ tẹ̀dó sí òkè òkun. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni ó ń ṣe. Láti inú yàrá rẹ̀ ni ó ti ń bójú tó bí àwọn ilé ìwòsàn abúlé ṣe ń béèrè oògùn lọ́wọ́ iléeṣẹ́ kan ní Òṣogbo.

Kọ̀ǹpútà Òṣogbo kì í ṣílẹ̀kùn fún ẹni tí kò ní kọ́kọ́rọ́ àṣírí, ìyẹn àmì ìdánimọ̀ tí a fi pamọ́ sínú kọ̀ǹpútà ẹni. Nítorí náà, Oyèdìran fi ètò kan sínú kọ̀ǹpútà tirẹ̀ tí wọ́n ń pè ní aṣojú. Bí ó bá ti tẹ ọ̀rọ̀ ìpamọ́ tí ó fi ń ṣí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, aṣojú á gba kọ́kọ́rọ́ náà pa mọ́. Ìgbàkúùgbà tí Òṣogbo bá béèrè pé ta ni, aṣojú ni yóò dáhùn lórúkọ rẹ̀, láìjẹ́ kí kọ́kọ́rọ́ kúrò nílé. Àfi bí kọ̀ǹpútà bá kú ni aṣojú máa ń gbàgbé. Kọ̀ǹpútà rẹ̀ ń fi ìbéèrè oògùn ránṣẹ́ fúnra rẹ̀, iṣẹ́ sì ń lọ geere, débi pé ẹnikẹ́ni kì í pe Oyèdìran mọ́. Nígbà mìíràn, ilẹ̀ á ṣú kí ó tó rántí pé òun kò bá ènìyàn sọ̀rọ̀ láti àárọ̀.

Ní ọjọ́ kan, ó yọ̀ ṣubú nílé ìwẹ̀, itan rẹ̀ sì kán. Ó ké títí ohùn rẹ̀ fi há, ṣùgbọ́n ilé jìnnà sí ilé ládùúgbò náà. Ó ń gbọ́ bí kọ̀ǹpútà ṣe ń kùn nínú yàrá. Ó mọ̀ pé aṣojú ń dáhùn, pé àwọn ará Òṣogbo á máa wí pé Oyèdìran wà lẹ́nu iṣẹ́. Ilẹ̀ ṣú, ilẹ̀ mọ́. Omi tí ń kán lẹ́nu ẹ̀rọ omi ni ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ gbà lá. Nígbà tí ó yá, iná lọ, bátìrì kọ̀ǹpútà náà sì tán. Kíkùn náà dákẹ́. Ó wá dà bí ẹni pé ẹnìkejì rẹ̀ nínú ilé ti jáde lọ, Oyèdìran sì sunkún.

Ọjọ́ yẹn gan-an ni ó gbọ́ tí wọ́n ń já ilẹ̀kùn. Mopélọ́lá, ọ̀gá iléeṣẹ́ náà, ni ó kọ́kọ́ wọlé, ó kúnlẹ̀ tì í.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, orúkọ yín ń yọ sí wa. A rò pé àlàáfíà lẹ wà."

"Aṣojú mi ni," ni Oyèdìran wí wúyẹ́wúyẹ́. "Ṣé èmi lẹ wá wò, àbí iṣẹ́ tó dúró?"

Obìnrin náà kò lè purọ́ fún un. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Iṣẹ́ ni, sà."

Egungun itan náà jinná, ọ̀pá ni Oyèdìran sì fi ń rìn títí di òní. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, kò sí òwúrọ̀ tí ẹnìkan kì í pè é láti Òṣogbo, wọn kì í sì í fi fóònù sílẹ̀ àfi bí wọ́n bá gbọ́ ohùn rẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà ẹnu iṣẹ́ náà fi ń pa á lówe pé, "Aṣojú tó ń dáhùn kò ní ká má yọjú sí ẹni tó rán an."