Ìdí tí Àpótí Géèmù Kò Fi Ní Ojú Tirẹ̀

Nígbà láéláé, nígbà tí àwọn ohun èlò kan nínú ilé ṣì ń fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn, Àpótí Géèmù ní ojú tirẹ̀. Ojú náà ń dán bí omi inú àwo. Kò sí okùn kankan lára rẹ̀. Bó bá jí, á rìn yí ilé ká, á jókòó síbi tó wù ú, àwọn ọmọ á sì sáré tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá fẹ́ jiyàn, kó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná.

Ọwọ́ kan ṣoṣo ló ní nígbà náà. Ọmọ kan ló lè di ọwọ́ náà mú lẹ́ẹ̀kan, àwọn yòókù á tò sẹ́yìn.

Ilé Ìyá Mojírádé ló ń gbé, pẹ̀lú Mojírádé àti Akínbọ̀dé àbúrò rẹ̀.

Ní ọjọ́ kan, Fóònù dé. Ó kéré, ó fẹ́lẹ́, ó sì lẹ́nu. Inú àpò ló ń gbé. Ó bá Mojírádé lọ pọn omi, ó bá Akínbọ̀dé dé ilé ìgbẹ́. Kò pẹ́ tí ọmọ kọ̀ọ̀kan fi ní Fóònù tirẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò tò níwájú Àpótí mọ́. Eruku bò ó lójú.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìsinmi o," ni Fóònù wí láti inú àpò. "Ṣé ẹ ò ní jáde lónìí ni?"

"Ìwọ ọmọ àná yìí, ṣé èmi lò ń bá ṣeré?"

"Rárá o. Àwọn ọmọ ni mò ń bá ṣeré."

Ọ̀rọ̀ yìí ká Àpótí lára. Ó rò pé inú àpò ni gbogbo ọgbọ́n wà. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, nígbà tí Akínbọ̀dé sùn lórí ẹní, Àpótí rọra sún mọ́ ọn, ó ki orí bọ àpò ṣòkòtò ọmọ náà. Àpò ya fàà!

"Màmá! Àpótí fẹ́ jẹ mí nítan!"

Ìyá Mojírádé sáré dé. Ó wo ṣòkòtò, ó wo Àpótí. "O ò wúlò mọ́, o tún ń ya aṣọ. Bí oníkọ́ńdẹ̀mù bá kọjá lọ́la, òun ni màá gbé ọ fún."

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ mọ oníkọ́ńdẹ̀mù, ẹni tó ń ti ọmọlanke kiri, tó ń ra ògbólógbòó irin. Ohun tó bá wọ inú ọmọlanke rẹ̀, òòlù ni wọ́n fi ń fọ́ ọ.

Àpótí jáde sí ẹ̀yìnkùlé, ó ń sunkún. Lábẹ́ igi àgbálùmọ̀, àwọn bàbá méjì ń ta ayò lórí Ọpọ́n Ayò, àgbà tó ti wà nílé kí bàbá àwọn ọmọ náà tó dáyé. Ẹnì kan ń kọjá, ó kí wọn: "Mo kí ọ̀ta, mo kí ọ̀pẹ̀."

Ẹni tó ń borí ló dáhùn: "Ọ̀ta ń jẹ́, ọ̀pẹ̀ kò gbọdọ̀ fọhùn!" Ẹni tí wọ́n ń nà ránnu mọ́ irùngbọ̀n, gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín.

Nígbà tí wọ́n dìde lọ mu omi, Àpótí súnmọ́ Ọpọ́n. "Bàbá, ẹ má bínú. Igi lásán ni yín. Ẹ ò lójú, ẹ ò lóhùn. Kí ló dé tí wọn ò tíì fi yín dáná?"

"Ta lo rí tó ń dá nìkan ta mí?"

"N ò rí ẹnì kankan."

"Bí ọ̀pẹ̀ bá lọ sílé rẹ̀, ta ni ọ̀ta yóò jẹ? Kì í ṣe èmi ni wọ́n wá wò, ọmọ mi. Ara wọn ni wọ́n wá bá. Ìwọ ní ojú kan, ọwọ́ kan. Fóònù náà ní ojú kan, ọwọ́ kan, ó sì fúyẹ́ jù ọ́ lọ."

"Bí mo bá la ọwọ́ mi sí méjì ńkọ́? Ojú mi ò ní tó ènìyàn méjì wò."

"Lọ wá ojú tó tó wọn."

Àpótí wọ pálọ̀ lọ bá Tẹlifíṣọ̀n. "Ẹ̀gbọ́n, ojú yín tóbi o."

"Ó tóbi, ta ló ń wò ó? Láti àárọ̀ ni mo ti ń ka ìròyìn fún àga."

"Ẹ yá mi lójú yín, ẹ ó rí ènìyàn."

Tẹlifíṣọ̀n rò ó. "O lẹ́sẹ̀, èmi ò ní. O lè bá tìrẹ lọ lọ́la. So ẹsẹ̀ rẹ mọ́ mi. Kí o sì yọ ojú tìrẹ kúrò, kí wọ́n má baà fi èmi sílẹ̀ máa wò ọ́."

Àpótí wo ẹsẹ̀ rẹ̀ títí. Ó fẹ́ràn ìrìn. Ṣùgbọ́n ó rántí òòlù, ó sì gbà.

Ó yọ ojú rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ nà gùn, ó di okùn: ọ̀kan wọ ara Tẹlifíṣọ̀n, èkejì wọ ara ògiri níbi tí iná ń gbà wọlé. Ọwọ́ rẹ̀ là sí méjì, ó di pádì méjì lórí ilẹ̀, èyí tí ọmọ méjì lè dì mú ta géèmù lẹ́ẹ̀kan náà.

Ilẹ̀ mọ́. "Kọ́ńdẹ̀mù ràdíò! Kọ́ńdẹ̀mù fáànù!" Oníkọ́ńdẹ̀mù ti dé ẹnu ọ̀nà. Ìyá Mojírádé wọ pálọ̀ láti wá gbé Àpótí, ó sì dúró gbọin-in.

Eré bọ́ọ̀lù ti hàn lójú Tẹlifíṣọ̀n. Mojírádé ti rí pádì méjèèjì, ó ti ju ọ̀kan sí àbúrò rẹ̀. "Mú, jẹ́ kí n fojú ẹ gbolẹ̀."

"Àǹtí Mojí, ẹ ń ṣe òjóró!"

"Òjóró bàbá ta ni? Gbá bọ́ọ̀lù ẹ jọ̀ọ́, ẹlẹ́sẹ̀ igi!"

Ó ti pẹ́ tí Ìyá Mojírádé ti gbọ́ kí ọmọ rẹ̀ méjèèjì bá ara wọn sọ̀rọ̀. Olúkúlùkù ti doríkodò sí Fóònù tirẹ̀. Ó ké sí ìta pé, "Ẹ máa lọ o, a ò ní kọ́ńdẹ̀mù." Ó wá rọra jókòó. "Ta ló ń na ta?"

Ẹnikẹ́ni kò lé Fóònù. Ó ṣì ń gbé inú àpò, ó ń dé ibi tí Àpótí kò lè dé láéláé. Ohun èlò mìíràn yóò tún dé tí yóò fúyẹ́ ju òun náà lọ.

Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni Àpótí Géèmù kò ti ní ojú mọ́, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti di okùn, tí kì í sì í jáde nílé. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá lọ rà á, kó tó gbé e, á kọ́kọ́ bi ọlọ́jà pé, "Ṣé pádì méjì ló wà nínú ẹ̀?"