Onísùúrù Tún Jíà Ṣe

"Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko." Òwe tí Alàgbà Òjélabí fi ń parí ìjà tọkọtaya ládùúgbò nìyẹn.

Lọ́jọ́ kan, ó fúnra rẹ̀ tú jíà ọkọ̀ rẹ̀ nílé. Nígbà tó ń dá a padà, kò wọlé tán sára ẹ́ńjìnnì.

Ìyàwó rẹ̀ ní, "Bàbá Abíọ́nà, ìka mi ṣì ń wọ àárín jíà àti ẹ́ńjìnnì. Ẹ yọ ọ́, kí ẹ rọra yí i títí á fi jókòó."

"Ṣé ìwọ lo máa kọ́ mi?" Ó fi sípánà fún bóòtù tipátipá kí ó lè fi agbára fa jíà wọlé. Kà! Jíà là.

Lọ́jọ́ kejì, bí àwọn aládùúgbò ti ń ti ọkọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì, Alàgbà ń kígbe, "Ẹ rọra o!"

Ìyàwó rẹ̀ pàtẹ́wọ́. "Ẹ̀sọ̀, káàbọ̀ o! Níbo lo wà lánàá?"