Ìkíni Àrìnpé Lẹ́nu Odi

Nígbà tí ogun tú ìlú Ìgbó-Ayùn, àwọn tó ṣẹ́kù níbẹ̀ kó ọmọ kó arúgbó, wọ́n forí lé ìlú Òkè-Ọ̀pọ̀tọ́. Òjẹ́wùmí, balógun wọn, ló ń ṣáájú. Akọni ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò mọ "ẹ jọ̀ọ́" í sọ. Àrìnpé, ìyàwó rẹ̀, ń tẹ̀ lé e pẹ̀lú ọmọ jòjòló lẹ́yìn. Omi ti tán lọ́wọ́ wọn, àwọn ọ̀tá sì ń lépa wọn bọ̀. Bí Òkè-Ọ̀pọ̀tọ́ kò bá gbà wọ́n, ó parí fún wọn nìyẹn.

Oníbodè ìlú náà ni Olówóòkéré, àgbà ọdẹ tí ọfà rẹ̀ kì í tàsé. Ó dúró lórí odi, ó bi wọ́n pé ta ni wọ́n, kí ni wọ́n sì ń wá. Ká ní Òjẹ́wùmí rọra fèsì ni, ọ̀rọ̀ ì bá má le. Ṣùgbọ́n láti kékeré ló ti ń gbọ́ pé bàbá bàbá òun ló kọ́kọ́ dáko sórí ilẹ̀ Òkè-Ọ̀pọ̀tọ́ yẹn.

Ó ní, "Ṣí bodè. Ilé bàbá mi nibí. Ilé wa la wá."

Òótọ́ ló sọ o. Ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó wá jagun gbalẹ̀ ń sọ. Olówóòkéré yọ ọfà olóró nínú apó, ó fi sí ọrun, ó fà á, ó dojú rẹ̀ kọ àyà Òjẹ́wùmí.

Àrìnpé bọ́ síwájú ọkọ rẹ̀, ó kúnlẹ̀ sínú eruku tòun tọmọ ẹ̀yìn rẹ̀.

Ó ní, "Bàbá, ẹ kú ilé o."

Ìkíni lásán ni, ọmọdé pàápàá mọ̀ ọ́n kí. Ṣùgbọ́n ẹni tí a bá kí ní "ẹ kú ilé", a ti gbà pé òun ló nilé. Ilé tí ọkọ fẹ́ já gbà ni ìyàwó fi kí onílé yìí. A kì í sì í jẹ́ kí ìkíni ṣubú lulẹ̀. Kí Olówóòkéré tó mọ̀, ó ti dáhùn.

"Káàbọ̀, ọmọ mi."

Ó gbọ́ ohun tí ẹnu rẹ̀ sọ, ó wo ọfà ọwọ́ rẹ̀. Ta ló ń kí àlejò káàbọ̀ tán tó tún ń ta á lọ́fà? Ó dá ọfà padà sínú apó, ó sọ̀ kalẹ̀, ó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣí bodè. Ó wá ki ọwọ́ bọ àpò, ó mú obì jáde, ó fi lé Àrìnpé lọ́wọ́.

Àwọn arúgbó fọwọ́ bo ẹnu. Ilé tí Òjẹ́wùmí pè náà ni Àrìnpé pè! Ẹnu ya èmi náà títí dòní. Òjẹ́wùmí dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú oníbodè, gbogbo èrò sì wọlé.

Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ibẹ̀ ni àwọn àgbà ti rí i tí wọ́n fi ń pa á lówe pé, ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó.