Pẹnáritì Àgbò àti Òbúkọ

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!

Oyèwùmí, Adégbìtẹ́, ẹ fi bọ́ọ̀lù yẹn sílẹ̀, kẹ́ ẹ wá jókòó sábẹ́ òṣùpá. Àlọ́ mi ta féú, ó bà lé Àgbò àti Òbúkọ.

Ẹran ilé ń bá ẹran igbó gbá bọ́ọ̀lù. Ẹgbẹ́ tó bá borí ni yóò máa jẹ koríko tútù etí odò. Góòlù kankan ò tíì wọlé tí Ògòǹgò, rẹfirí wọn, fi fún ẹran ilé ní pẹnáritì. Ni Àgbò àti Òbúkọ bá ń já bọ́ọ̀lù gbà mọ́ra wọn lọ́wọ́.

Èmi ni n ó gbá a!
Ẹ gbè é: Gbá a o, gbá a!
Èmi ni n ó gbá a!
Gbá a o, gbá a!

Àgbò já a gbà, ó gbá a sójú ọ̀run. Nígbà tí pẹnáritì kejì dé, Òbúkọ ti Àgbò ṣubú, ó gbá a sínú igbó. Nígbà tí ẹ̀kẹta dé, wọ́n forí sọ ara wọn, ìwo wọn sì há síra. Ògòǹgò fún àwọn méjèèjì ní káàdì pupa. Wọ́n ń fẹ̀gbẹ́ rìn jáde bí akàn.

Háà! Gbogbo ẹran ilé mí kanlẹ̀. Pẹ́pẹ́yẹ rọra fi ẹsẹ̀ pẹlẹbẹ rẹ̀ ta bọ́ọ̀lù, ó wọlé! Fèrè ìparí dún.

"Ta ló gbá a wọlé?" Àgbò bi Òbúkọ létí pápá.

"Ṣé mo rí i ni? Ṣebí orí rẹ ló dí mi lójú."

Ẹ̀rín pa àwọn méjèèjì, ibi tí wọ́n ti ń rín in ni ìwo wọn ti tú.

Bí mo bá parọ́, kí bọ́ọ̀lù Oyèwùmí má wọlé lọ́la.