Erékùṣù Tí Olówó Fẹ́ Sọ Ní Orúkọ Ara Rẹ̀

Òótọ́ ni ìtàn yìí. Bí mo bá purọ́, kí iyán há mi lọ́fun. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì gbé iyán wá, torí ibì kan wà níbẹ̀ tí kò dá mi lójú.

Ọkùnrin kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ yíya máàpù. Ọkọ̀ ojú omi gbé e dé ìpẹ̀kun àríwá ayé, níbi tí òkun ti ń dì bí òrí. Wọ́n rí erékùṣù kan níbẹ̀. Kò sí igi, kò sí ènìyàn, àfi òkúta dúdú, yìnyín àti ẹyẹ. Iwájú rẹ̀ pa rọ́rọ́. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni àpáta lúgọ sí lábẹ́ omi, tó ń dúró de ìdí ọkọ̀.

Ọ̀gá ọkọ̀ ní kí ó kọ “Erékùṣù Adégoróyè” sórí máàpù. Adégoróyè ni olówó tó ni ọkọ̀, kò sì rí erékùṣù náà rí. Ọ̀gá tún ní kí ó má ya àpáta sí i, torí olówó kò fẹ́ àbùkù lára ohun tó ń jẹ́ orúkọ òun.

Ayamáàpù kọ̀. Ó ní nílé àwọn, ilé ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó sọ ọmọ lórúkọ, kì í ṣe àpò ẹni tó wá kí ìyá ọmọ.

Ọ̀gá fi í ṣe yẹ̀yẹ́. “Bàbá ìkókó, ṣé ìwọ lo bí i ni?”

“N kò bí i, ọ̀gá. Ṣùgbọ́n mo ti rí ẹ̀yìn rẹ̀.”

Ó kọ “Mágbẹ̀yìnwá” síbẹ̀. Ọ̀gá ní kí ó pa á rẹ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, èbúté tí àwọn bá kọ́kọ́ kàn ni yóò sọ̀ sí, iṣẹ́ rẹ̀ parí nìyẹn. Ọkùnrin náà rántí ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀. Ó ti gègé bọ inú tàdáwà, ó sì tún orúkọ náà kọ, ó dúdú ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Wọ́n já a sílẹ̀ lóòótọ́. Wọ́n ya máàpù mìíràn fún olówó. Nígbà tó yá, ọkọ̀ kan gbé máàpù olówó dání, ó gba ẹ̀yìn wọlé, ó sì fọ́. Láti ìgbà náà, Mágbẹ̀yìnwá ni gbogbo atukọ̀ ń pe ibẹ̀.

Ìwọ tó ń gbọ́ mi, bí wọ́n bá ní kí o fi orúkọ dídùn bo àpáta mọ́lẹ̀, kọ̀ fún wọn. Ohun tí o rí ni kí o pè é.

Ó ku ibi tí mo fi ọwọ́ ara mi dá. Ọkọ̀ tó fọ́, àti àwọn atukọ̀ tó gba orúkọ náà, èmi ni mo fi wọ́n sí i kí ó lè dùn mọ́ ọ. Kò sí ẹni tó padà wá sọ fún ọkùnrin náà pé ó jàre. Síbẹ̀, kò pa á rẹ́.